Ibi Tí Kámẹ́rà Mi Kò Rí Nísàlẹ̀ Ọ̀sà

Bàbá Ìlàjẹ tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa kiri ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé máàpù ìsàlẹ̀ ọ̀sà tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe, irọ́ ló ń pa. Kò tilẹ̀ fi ìbínú sọ ọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló gbẹ́ kòtò síbí yìí? Ibi tí mo ti ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kọjá kí wọ́n tó bí ẹ ni."

Inú bí mi díẹ̀. Bàbá tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ló fẹ́ bá mi jiyàn lórí iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì? Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àṣìṣe tí Bàbá rí lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni mo kọ́, mo sì ti wọn ilẹ̀ títí l'Ékòó kó tó yé mi pé ilẹ̀ ló ń tán, omi kò tán. Ẹni tó bá ní "Èkó àròmisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ," oríkì lásán kọ́ ló ń kì. Òpó afárá wà nínú omi, jẹ́tì wà nínú omi, àwọn oníyanrìn ń wa ìsàlẹ̀ ọ̀sà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bí ìsàlẹ̀ ọ̀hún ṣe rí, kálukú á máa wo ojú ara wọn. Mo ní kí n jẹ́ ẹni tí yóò máa dáhùn. Mo ra kámẹ́rà GoPro àlòkù kan ní Computer Village n'Íkẹjà, pẹ̀lú àpótí rẹ̀ tí omi kì í wọ̀, mo sì dá ara mi lójú pé kó tó pé oṣù mẹ́ta, èmi ni màá máa ya máàpù 3D ìsàlẹ̀ omi fún gbogbo Èkó.

Ọgbọ́n tó wà nídìí iṣẹ́ náà kò le. Ẹ di ojú kan, kí ẹ gbìyànjú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ ó rí i pé ojú kan rí abẹ́rẹ́ kedere, àmọ́ kò mọ bó ṣe jìnnà tó. Ojú méjì ló ń mọ jíjìnnà. Bí a bá wá ya ohun kan ṣoṣo láti ibi ogún tàbí ọgbọ̀n, kọ̀ǹpútà á wá àmì kan náà rí nínú àwọn àwòrán yẹn, á ṣírò ibi tí kámẹ́rà dúró sí nígbà kọ̀ọ̀kan, á sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí àmì náà wà gan-an. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àmì bẹ́ẹ̀ ló ń para pọ̀ di máàpù tí èèyàn lè yí síwá yí sẹ́yìn. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi COLMAP àti Meshroom ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Agisoft Metashape, owó ni wọ́n fi ń rà á. Mo ti fi dírónù ṣe irú rẹ̀ fún òrùlé ilé àti òkìtì iyanrìn. Mo rò pé omi á kàn dà bí afẹ́fẹ́ tó tutù ni.

Oṣù July ni mo kọ́kọ́ ti kámẹ́rà bọ omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkò Bàbá ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú nígbà náà. Gbogbo fídíò tí mo ti wò kí n tó bẹ̀rẹ̀, omi búlúù ló wà nínú wọn, pẹ̀lú ẹja pupa àti oòrùn tó ń wọlé bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé. Èyí tí èmi yà kò yàtọ̀ sí inú ife tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń kó ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà wá sínú ọ̀sà. Ìyẹ̀fun pákó àti ìdọ̀tí gọ́tà wá kún un. Nínú omi òkun tó mọ́, àwọ̀ pupa ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́, kí èèyàn tó lọ sílẹ̀ mítà 10, ohun pupa á ti dà bí eérú. Búlúù ló máa ń lọ jìnnà jù. Omi tí oje ewé ti pọ̀ nínú rẹ̀ bíi tiwa máa ń gbé búlúù mì pẹ̀lú. Ohun tó kù fún kámẹ́rà kò ju àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ẹrẹ̀ lọ.

Mo ní iná ni kò tó. Mo ra tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, mo so ó mọ́ orí kámẹ́rà gan-an. Ẹni tó bá ti tan iná mọ́tò gíga sínú kùrukùru òwúrọ̀ rí mọ ohun tí mo rí: ògiri funfun. Gbogbo ẹrùpẹ̀ wẹ́wẹ́ inú omi ló ń da iná náà padà sójú kámẹ́rà. Wẹ́dà kan ní Òyìngbò ló wá bá mi jó apá irin méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó gbé iná jìnnà sí kámẹ́rà, tó sì jẹ́ kó máa ti ẹ̀gbẹ́ tàn wọlé. Ó ṣe ìrànwọ́. Síbẹ̀, kò sí iná tó dà bíi kí èèyàn sún mọ́ ohun tó ń yà. Mo kọ́ ọ pé bí omi bá gbà mí láyè láti rí mítà kan, kí n má ṣe ya ohun tó jìnnà gan-an tó mítà kan.

Kí n lè mọ bí omi ṣe gbà mí láyè tó lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, mo ṣe ohun èlò kan tó dàgbà ju gbogbo kámẹ́rà mi lọ. Ní 1865, àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, so àwo funfun mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sínú òkun, ó sì ń wọn ibi tí àwo náà ti pòórá mọ́ ọn lójú. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú àwo bẹ́ẹ̀. Tèmi, ọmọrí ike ọ̀dà ni. Mo kùn ún ní dúdú àti funfun, mo so irin sí i lábẹ́ kó lè rì, mo fi kókó sàmì sí okùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní Òkò Bàbá ní July, kókó kẹta ni ọmọrí náà ti sọnù. Nígbà tí mo gbé e dé Tarkwa Bay, lẹ́bàá ẹnu òkun, ní February, ó kọjá mítà méjì kí n tó pàdánù rẹ̀. Mo dúró sórí ọkọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Kámẹ́rà àkọ́kọ́ yẹn kò pẹ́ láyé. Irun orí kan ṣoṣo ló pa á. Rọ́bà róbótó kan wà tó ń dí ẹnu àpótí rẹ̀. Irun náà há sábẹ́ rọ́bà yìí, tín-ín-rín, mi ò rí i. Ní mítà mẹ́ta, omi rí i. Mo sin kámẹ́rà sínú ìrẹsì fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyàwó mi sì ń bi mí bóyá ó ti ń jinná. Ó dùn mí, àmọ́ ó tù mí nínú nígbà tí mo kà nípa Louis Boutan, ọmọ Faransé tó ń ya àwòrán lábẹ́ omi ní 1893, nínú àpótí tí ọmọ ìyá rẹ̀ bá a ṣe, tí àwòrán kan ṣoṣo sì lè gba 30 ìṣẹ́jú. Ẹni tó dúró fún 30 ìṣẹ́jú torí àwòrán kan kò ní jẹ́ kí irun wọ àpótí òun. Láti ìgbà náà, mo máa ń nu rọ́bà yẹn pẹ̀lú aṣọ funfun lójú iná, mo sì máa ń kọ́kọ́ ri àpótí òfìfo bọ omi pẹ̀lú tíṣù gbígbẹ nínú rẹ̀. Bí tíṣù bá jáde ní gbígbẹ, kámẹ́rà lè wọlé.

Ìgbà yẹn ni mo bá Bàbá Ìlàjẹ pàdé. Ọkọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ háyà, kó tó di pé èmi ni mò ń tẹ̀ lé e. Ó ti wa iyanrìn nínú ọ̀sà nígbà èwe rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọkùnrin fi ń tọ àkàsọ̀ igi lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú garawa irin, èémí kan ṣoṣo, kí wọ́n bu iyanrìn kún un, kí wọ́n tún gùn ún padà sókè. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí nǹkan nísàlẹ̀ yẹn. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó ní, "Ta ló ń lajú níbẹ̀? Ọwọ́ ló ń ríran."

Bàbá ló kọ́ mi ní aago omi. Mo ti ń lọ sórí omi ní aago mẹ́jọ àárọ̀ torí pé ìgbà yẹn ni oòrùn kò tíì mú. Ó ní kí n yé wo aago ọwọ́, kí n máa wo òṣùpá. Nígbà tí omi bá ń fà, ìdọ̀tí gbogbo ọ̀sà ló ń gba ẹnu òkun jáde. Nígbà tí omi bá ń kún, omi òkun tó mọ́ ló ń wọlé láàárín ògiri òkúta méjèèjì tó wà lẹ́nu èbúté, pàápàá lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn tí omi odò kò lágbára láti tì í padà. Ìparí ìkún, nígbà tí omi bá dúró jẹ́ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìgbà yẹn ni ojú omi àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń ríra. Ó lè má ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Gbogbo ìdúró tó kù, ẹ lọ fi jẹun.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí nínú ìwé tí mo kà. Omi odò fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, nítorí náà ó máa ń gun orí rẹ̀ sùn. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ohun gbogbo máa ń gbọ̀n lójú kámẹ́rà, bí ọ̀dà ojú títì Third Mainland Bridge ṣe máa ń gbọ̀n lọ́sàn-án gangan. Mo ti pa àwòrán tó lé ní 400 rẹ́ kí n tó mọ̀ pé kámẹ́rà mi kò ṣàìsàn. Mo gbà á kọjá sísàlẹ̀ ìpele náà, ó sì mọ́.

Lọ́dún kejì ni iṣẹ́ gidi dé. Ọkùnrin kan ní jẹ́tì lápá àríwá Lagos Island, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò. Pákó òkè jẹ́tì náà ti ń la, ó sì ń bẹ̀rù pé omi ti hú ìdí àwọn òpó rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kò burú. Omi tó bá ń sáré bá òpó máa ń pín sí méjì, á máa yí bí òkòtó nídìí rẹ̀, á sì máa hú iyanrìn títí ìdí òpó á fi ṣí sílẹ̀. Ó fẹ́ mọ ibi tí kòtò wà àti bó ṣe jìn tó, kí kọngílátọ̀ rẹ̀ lè mọ iye iyanrìn àti òkúta tí wọ́n máa dà síbẹ̀.

Ibi tí a fẹ́ yà gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 6, omi ibẹ̀ sì jìn ní bíi mítà 4. Kámẹ́rà máa ń wà ní nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà lókè iyanrìn. Kí kọ̀ǹpútà tó lè so àwọn àwòrán pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun orí èkejì rẹ̀ dáadáa, bí páànù òrùlé ṣe ń gun ara wọn, àmọ́ tiwa pọ̀ ju ti páànù lọ: a fẹ́ kí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwòrán kan tún hàn nínú èyí tó tẹ̀ lé e. A na okùn sí ìsàlẹ̀ ní ìlà 24, a sì ya nǹkan bí 150 àwòrán lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ 3,600. Ẹ̀gbọ́n kan tó gba ìwé ẹ̀rí omi wíwọ̀ ló máa ń bá mi wọlé, Bàbá á di okùn wa mú lókè: ẹ̀ẹ̀kan tí a bá fà á, àlàáfíà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ gbé wa jáde. Mi ò fẹ́ sọ ìtàn ọjọ́ tí a fà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. A jáde, ìyẹn tó.

GPS kò wúlò lábẹ́ omi, torí ìgbì rẹ̀ kì í wọ omi. A so ó mọ́ fùlọ́ọ̀tì tó ń léfòó lórí wa, a sì ń fi okùn fà á. Bí omi bá sáré, okùn á dà gẹ̀ẹ́rẹ́, GPS á wà níbi kan, àwa á wà níbòmíràn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní ìyẹn kò burú jù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi yà á. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, àwọn òpó méjì tó wà ní ìkángun, tí ọkọ̀ èrò ń yí sí, kò hàn rárá. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti ru ẹrẹ̀ ibẹ̀ sókè láti àárọ̀. A ya àwòrán bíi 200 níbẹ̀, gbogbo wọn dà bí inú ìkòkò àmàlà. Ó ti rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n ní ká padà wá lọ́la, mo ní rárá, èyí tí a ní tó.

Kọ̀ǹpútà mi fi ọjọ́ méjì àti òru mẹ́ta jẹ àwọn àwòrán náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná lọ láàárín rẹ̀, mo sáré tan jẹnẹrétọ̀, ìyá onílé wa sì ń béèrè bóyá bàǹkì ni mo ṣí sínú yàrá. Nígbà tó parí, ẹnu yà mí. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà nìyí lórí tábìlì mi, èmi ni mò ń yí i! Ìgò, táyà, ìkarahun, okùn tí a nà, gbogbo rẹ̀ pé. Ihò dúdú kan ló kù, ní ìkángun, níbi àwọn òpó méjì yẹn. Bọ́tìnnì kan wà tó ń dí ihò. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dí i, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Láàárín jẹ́tì, máàpù náà fi kòtò kan hàn, ó fẹ̀, ó lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ bí inú igbá, ó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Mo kùn ún ní búlúù kó lè hàn dáadáa. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́.

Ọ̀gá tó ni jẹ́tì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, ó gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kọngílátọ̀ rẹ̀ mú ẹ̀rọ ìṣírò jáde, ó ń ka iye ọkọ̀ iyanrìn tí yóò dí kòtò búlúù náà. Èmi sì lọ sọ́dọ̀ Bàbá láti lọ fi iṣẹ́ yangàn. Ìyẹn lọ́jọ́ tó béèrè ẹni tó gbẹ́ kòtò.

Mo jiyàn. Bàbá kò jiyàn; ó wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ ní àárín kòtò mi, ó fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí omi mu ọ̀pá dé. Ó sún síwájú, ó tún kàn án. Ibì kan náà ni omi mu ún dé. Ibi márùn-ún ló kàn, láti etí kan dé etí kejì, ìyàtọ̀ wọn kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ilẹ̀ náà tẹ́. Lẹ́yìn náà ló wà wá dé ìkángun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó kẹ́yìn, ibi tí mo ti fi bọ́tìnnì dí. Ó ti ọ̀pá sílẹ̀, ọ̀pá ń lọ, ó ń lọ, títí Bàbá fi tẹ̀ kúù lórí ọkọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́ kan omi. Nígbà tí mo fi téèpù wọn ọ̀pá náà, ó fi mítà kan àti díẹ̀ jìn ju ibi yòókù lọ.

Kòtò wà lóòótọ́. Ibi tí mo ní kò sí ló wà, ibi tí mo ní ó wà ni kò sí.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Mo tú gbogbo iṣẹ́ palẹ̀, mo sì rí i níkẹyìn. Gíláàsì iwájú àpótí kámẹ́rà mi pẹlẹbẹ ni. Ẹ fi ọ̀pá bọ inú odò, ẹ ó rí i bí ẹni pé ó ṣẹ́ níbi tó ti wọ omi. Ìmọ́lẹ̀ ló ń yà bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Nítorí èyí, nǹkan máa ń tóbi tó ìdámẹ́ta sí i lójú kámẹ́rà, etí àwòrán á sì tún tẹ̀ ju àárín rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ bí lẹ́ńsì ṣe ń tẹ nǹkan kó tó lè tún un ṣe. Èmi náà ti kọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo fi pátákó dúdú-funfun bíi ti ṣẹ́ẹ̀sì kọ́ ọ, àmọ́ inú pálọ̀ mi ni mo ti kọ́ ọ, lórí ilẹ̀ gbígbẹ! Àṣìṣe orí àwòrán kan kéré tí ojú kò lè rí i. Bí wọ́n ṣe ń so àwòrán mọ́ àwòrán, àṣìṣe ń gun àṣìṣe, ilẹ̀ tó tẹ́ wá ká sókè létí méjèèjì bí ẹní àtijọ́, àárín rẹ̀ wá dà bíi kòtò. Ohun tó tún ràn án lọ́wọ́ ni pé gbogbo àwòrán mi ló kọjú sílẹ̀ gán-án, ní ìlà kan náà, kò sí èyí tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ìlà tó dábùú òmíràn. Mi ò sì fi ọ̀pá tàbí okùn wọn jíjìn ibì kankan láti fi yẹ kọ̀ǹpútà wò. Ohun tí Bàbá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe nìyẹn.

Lílọ sọ fún ọ̀gá jẹ́tì ló nira jù. Mo ti lè dákẹ́, ẹ má tàn ara yín jẹ, ó wá sí mi lọ́kàn. Iyanrìn tí wọ́n bá dà sí ibi tó tẹ́, omi á kó o lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n òpó ìkángun ni èrò ń gùn sọ̀ kalẹ̀ sí. Mo lọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó yíjú sí bébà ńlá tó gbé kọ́ ògiri, ó tún yíjú sí mi. Ó ní òun kò ní san owó tó kù títí n ó fi tún un ṣe. Ó tọ́ sí mi.

Ìyá onílé ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti yí ọ̀nà iṣẹ́ mi padà, torí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ni mo yá. Mo pọn omi kún un nínú àgbàlá, mo ri pátákó ṣẹ́ẹ̀sì sínú rẹ̀, mo ń yí kámẹ́rà ká orí rẹ̀ lábẹ́ omi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀ ń wẹ̀ fún un ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Lẹ́yìn náà ni mo gé páìpù ike, mo sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo fi irin kún inú rẹ̀ kó lè rì, mo tẹ́ mẹ́fà irú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ jẹ́tì kí máàpù lè mọ gígùn ara rẹ̀. A wọn jíjìn ibi 15 pẹ̀lú okùn tó ní òjé lẹ́nu. A ya ìlà gígùn, a ya ìlà ìdábùú, a tún da kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ya òmíràn. Kòtò búlúù pòórá.

Ìkángun ló kù. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta la lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ẹrẹ̀ lé wa padà. Níbẹ̀ ni mo gbà pé ojú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Mo háyà ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Ohùn kò ka ẹrẹ̀ inú omi sí; ó ń sáré tó 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú omi, ó ju ìlọ́po mẹ́rin eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀rọ á dún, á ka àkókò tí ìró fi padà, á sì fi ṣírò jíjìn. Ó ní wàhálà tirẹ̀: eré ohùn ń yàtọ̀ bí iyọ̀ àti ìgbóná omi bá yàtọ̀, ọ̀sà tiwa sì ń yí iyọ̀ padà láàárín wákàtí mẹ́fà. Nítorí náà a so irin pẹlẹbẹ mọ́ ṣéènì, a sọ ọ́ sílẹ̀ sí mítà 2 géérégé sábẹ́ ẹ̀rọ, a ní kó sọ ohun tó rí. Nígbà tó sọ pé mítà 2, a gbà á gbọ́. Àwòrán ohùn kò ní àwọ̀, kò fi ìgò hàn, ẹ ò lè gbé e kọ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kòtò ìdí òpó ìkángun hàn nínú rẹ̀ kedere.

Ohùn yìí kan náà ni wọ́n fi ń ya ìsàlẹ̀ òkun gbogbo ayé. Iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Seabed 2030, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tó fẹ́ kí máàpù gbogbo ìsàlẹ̀ òkun pé tó bá di 2030. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, èyí tí wọ́n ti wọn dáadáa kò tíì tó ìdámẹ́ta. Nígbà tí mo kà á, ìtìjú mi dín kù. Kì í ṣe torí pé iṣẹ́ wọn kò tíì parí, ṣùgbọ́n torí pé wọ́n jẹ́ kí ibi tí wọn kò tíì wọn hàn lórí máàpù wọn bí ibi tí wọn kò tíì wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máàpù kejì. Ibi tí kámẹ́rà rí, mo fi àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí ohùn nìkan rí, mo fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀ kó lè yàtọ̀. Àyè kékeré kan wà lẹ́yìn òpó tó kẹ́yìn, tí irin jẹ́tì fúnra rẹ̀ bò mọ́ ohùn lójú, mo fi í sílẹ̀ ní funfun. Kọngílátọ̀ wò ó, ó ní, "Àyè wo nìyí tí ẹ ò parí?" Mo ní mo parí ẹ̀, mi ò rí ibẹ̀ ni. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní máàpù tàkọ́kọ́ dùn ún wò ju èyí lọ. Ọ̀gá ní kó fi mí sílẹ̀. Òkúta ni wọ́n dà sí ìdí òpó ìkángun, wọn ò da iyanrìn sí àárín, ọ̀gá sì san owó mi, ó kù díẹ̀ kó pé.

Mo tẹ ẹ̀dà kan fún Bàbá. Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wá ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀ rí lórí ẹ̀, ó fi ìka tọ òpó kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé àyè funfun náà.

"Ibí yìí ńkọ́?"

"A ò rí ibẹ̀, Bàbá."

"Ẹ̀yin ni ẹ ò rí i. Ìdákọ̀ró àtijọ́ kan wà níbẹ̀, ó ti ya àwọ̀n mi lẹ́ẹ̀mejì."

Mo bu bírò jáde lápò, mo kọ ọ́ sínú funfun náà: *ìdákọ̀ró, Bàbá ló sọ*. Ó ní kí n gbé e sún sápá ọ̀tún díẹ̀.